Ọfà Kejì: Àyẹ̀wò Ìtẹ́lọ́rùn àti Ìrora Ọkàn nínú Ìwàásù Buddha

Bí a bá ní kí olùkọ́ èdè Yorùbá wá ọ̀rọ̀ kan fún ẹ̀kọ́ Buddha lórí ohun tí ó yẹ kí ènìyàn ṣe nígbà tí ọkàn rẹ̀ bá dàrú, 'gba kámú' ni ó rọrùn jù láti mú. Èrò wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ọ̀rọ̀ náà kò bá a mu, àti pé ìpalára rẹ̀ ju ti àṣìtumọ̀ lásán lọ. Ẹni tí ó gba kámú ti gbà pé kò sí ohun tí a lè ṣe mọ́. Bí a bá fi í kọ́ akẹ́kọ̀ọ́, a ti sọ ẹ̀kọ́ nípa mímọ inú ara ẹni di ìmọ̀ràn pé kí ẹni tí ń jìyà pa ẹnu mọ́.

Ìwàásù tí a ó gbé yẹ̀ wò jù lọ ni Sallatha Sutta, tí ó wà nínú Saṃyutta Nikāya, ọ̀kan lára àwọn àkójọ ìwàásù ní èdè Pálì. Ìtàn àwọn ẹlẹ́sìn Theravāda sọ pé ẹnu ni a fi ń gbé irú ìwàásù wọ̀nyí láti ìran dé ìran, kí a tó kọ wọ́n sílẹ̀ ní Sri Lanka ní ọ̀rúndún kìíní ṣáájú ìbí Jésù. Lítíréṣọ̀ alohùn ni wọ́n ní ìpìlẹ̀. Nítorí náà, kò yẹ kí lámèyítọ́ ka àwítúnwí inú wọn sí àbùkù. Òun ni ó mú kí wọ́n ṣeé há sórí.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ìwàásù náà dá lé. Ẹni tí kò gbọ́ ẹ̀kọ́ ń mọ adùn, ó ń mọ ìrora. Ẹni tí ó gbọ́ ẹ̀kọ́ náà ń mọ̀ wọ́n. Kí wá ni ìyàtọ̀ àárín wọn? Àfiwé ni a fi dáhùn. Ọfà ba ọkùnrin kan, lẹ́yìn náà ọfà kejì tún bà á. Báyìí ni ti ẹni tí kò gbọ́ ẹ̀kọ́: ara ń dùn ún, ó sì tún ń kẹ́dùn, ó ń sunkún, ó ń lu àyà. Ó kọ ìrora náà, ó sì sá lọ sínú adùn, nítorí kò mọ ọ̀nà mìíràn tí ó lè gbà bọ́. Ọfà kan péré ni ó ba ẹnì kejì. Ẹ kíyè sí i pé ìwàásù náà kò ṣèlérí pé ọfà àkọ́kọ́ kò ní dunni. Níbi ìṣọ́ra yìí ni agbára àfiwé náà wà.

Nínú àlàyé òde òní, a sábà máa ń gbọ́ pé ẹni tí ọfà bà fúnra rẹ̀ ni ó ta èkejì. Ìwàásù náà kò sọ bẹ́ẹ̀. Kò dárúkọ tafàtafà kankan. Ó kàn sọ pé ọfà tún bà á ni. Ìyàtọ̀ náà kò kéré. Àlàyé òde òní lè di ẹ̀sùn sí ẹni tí ń jìyà lọ́rùn, pé òun ni ó fà á. Ohun tí ìwàásù náà sọ ni pé a kò tíì kọ́ ọ.

Satipaṭṭhāna Sutta ni ó fi ohun tí ó yẹ kí a kọ́ ọ hàn. Níbẹ̀, mọ́ńkì gbọ́dọ̀ mọ ọkàn tí ìbínú wà nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọkàn tí ìbínú wà nínú rẹ̀, kí ó sì mọ èyí tí kò ní ìbínú bákan náà. A kò ní kí ó bá ìbínú náà jà lójú ẹsẹ̀, a kò sì ní kí ó yìn ín. Gírámà Yorùbá lè ran olùkọ́ lọ́wọ́ níhìn-ín. Nínú 'ẹ̀rù bà mí', 'ojú tì mí' àti 'ìbànújẹ́ dé bá mi', ohun tí ń ṣe ènìyàn ni olùwà, ènìyàn sì ni àbọ̀. Ẹ̀rù dé, ẹ̀rù yóò sì lọ. Èmi kọ́ ni ẹ̀rù. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe àsọdùn: 'mo bínú' wà lédè wa pẹ̀lú, ènìyàn sì ni olùwà níbẹ̀. Gírámà lè ṣí ilẹ̀kùn fún èrò. Kò lè ro èrò fún ẹnikẹ́ni.

Ní ti ìtẹ́lọ́rùn, tí Pálì ń pè ní santuṭṭhi, ọ̀rọ̀ wa bá a mu dáadáa, bí a bá ti béèrè pé: ìtẹ́lọ́rùn nínú kí ni? Aṅguttara Nikāya yin mọ́ńkì tí aṣọ, oúnjẹ àti ibùgbé yòówù tí ó bá rí tẹ́ lọ́rùn. Nínú àkójọ kan náà, Buddha sọ pé òun mọ iyì àìní ìtẹ́lọ́rùn nínú ìwà rere, àti ti ìsapá tí kò dẹwọ́. Vitakkasaṇṭhāna Sutta tilẹ̀ ka ọ̀nà márùn-ún tí a fi ń lé èrò búburú lọ. Nínú èyí tí ó kẹ́yìn, ńṣe ni mọ́ńkì yóò pa eyín pọ̀, tí yóò sì fi ọkàn tẹ ọkàn rì. Èyí kì í ṣe ìwà ẹni tí ó gba kámú.

Ní 1979, Jon Kabat-Zinn bẹ̀rẹ̀ sí lo irú àkíyèsí ọkàn yìí fún àwọn aláìsàn ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Yunifásítì Massachusetts ní Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ ńlá ni, òun náà sì kìlọ̀ pé gbígbà kì í ṣe ìjuwọ́sílẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí a bá yọ àkíyèsí kúrò lára ẹ̀kọ́ ìwà tí ó yí i ká, ó rọrùn kí àwọn tí ń gbọ́ ọ mú ìdajì tí ń tuni lára, kí wọ́n fi ìdajì tí ń béèrè ìsapá sílẹ̀.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí olùkọ́ àti ògbufọ̀ lo 'dá mọ̀' fún pajānāti, ọ̀rọ̀-ìṣe tí Satipaṭṭhāna Sutta ń tún wí, kí wọ́n sì fi 'gba kámú' sílẹ̀. Ẹni tí ó dá ẹ̀rù mọ̀ kò tíì jọ̀wọ́ ara rẹ̀ fún ẹ̀rù. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ibi tí ọfà wà ni, láti ibẹ̀ ni a sì ti ń yọ ọ́.