Ẹnu Ẹdùn Àrá

Ẹdùn àrá tó dára ò ju ohun tí ọwọ́ kan lè gbé lọ. Ìdí rẹ̀ rí ṣóńṣó, ẹnu rẹ̀ fẹ̀, ó sì mú. Bí a bá gbé e sí oòrùn, tí a ń yí i díẹ̀díẹ̀, ìlà tín-ín-rín á máa hàn lẹ́nu rẹ̀. Pípọ́n ló fi ìlà wọ̀nyẹn síbẹ̀, nítorí àáké tí àwọn ará àtijọ́ fi òkúta ṣe ni.

Lọ́dún 1965, Thurstan Shaw láti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ Ihò Eléérú, nítòsí Ìsàrun, ní ibi tó ti di Ìpínlẹ̀ Oǹdó báyìí. Wọ́n bá egungun ẹnì kan tó ti lé ní 11,000 ọdún, pẹ̀lú ọ̀kẹ́ àìmọye òkúta tí ọwọ́ ènìyàn ti là. Wẹ́wẹ́ ni àwọn òkúta ìsàlẹ̀, òkúta funfun tí wọ́n ń pè ní quartz sì pọ̀ nínú wọn. Òkúta yìí ya olóríkunkun. Láti là á, a ó gbé e lé òkúta pẹrẹsẹ, a ó fi ìka dì í ró, a ó sì fi òkúta mìíràn lù ú lórí, gbà! Yóò là sí abala-abala. A ó ṣa èyí tó mú, a ó máa rún etí rẹ̀ kan títí yóò fi kú. Etí kejì ni yóò máa gé nǹkan. Òmíràn kéré ju èékánná lọ, kò ṣe é dì mú. Oje igi ni wọ́n fi ń lẹ irú rẹ̀ mọ́ igi, kó tó di ọfà tàbí ọ̀bẹ.

Nígbà tó yá, ìkòkò àti àáké òkúta yọjú nínú ilẹ̀ ihò náà. Iṣẹ́ ti àáké gba sùúrù ju ti òkúta wẹ́wẹ́ lọ. Òkúta tó le, tó kúnná, tí kò ní ojú sísán nínú, ni wọ́n ń wá. Wọ́n á kọ́kọ́ ṣá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, kí ẹ̀rún ńlá máa jábọ́, títí yóò fi ní ìrísí. Lẹ́yìn náà, wọ́n á máa fi òkúta kan án ní jẹ́jẹ́, kó, kó, kó, lórí gbogbo ibi tó bá yọ gegele. Eruku lásán ló ń kúrò lára rẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan. Bí ọwọ́ bá wúwo jù lẹ́ẹ̀kan péré, ó lè kán sí méjì.

Ó wá kan pípọ́n. Wọ́n á bu yanrìn àti omi sójú àpáta, wọ́n á gbé òkúta náà lé e, wọ́n á máa tì í lọ, wọ́n á máa fà á bọ̀. Yanrìn ló ń jẹ òkúta, omi ló ń kó lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ kúrò. Bó bá gbẹ, wọ́n á tún bu omi sí i. Iṣẹ́ yìí ń gba wákàtí lórí wákàtí, àpáta gan-an á sì jìn níbi tí wọ́n ti ń pọ́n. Alápatà tó ń pọ́n ọ̀bẹ ní Oko Ọba l'Ágége mọ àṣírí tó wà níbẹ̀: bí a bá ti pọ́n ẹ̀gbẹ́ kan tó, bẹ́ẹ̀ náà ni ká pọ́n ìkejì, kí ẹnu má baà wọ́. Lára ọ̀pọ̀ àáké òkúta, ẹnu nìkan ló dán. Ìdí ṣì rí ṣákaṣàka, ibẹ̀ sì ni igi ti ń gbá a mú dáadáa.

Nígbà tí irin gbòde, àáké òkúta kúrò lọ́wọ́ àgbẹ̀. Ọkọ́ ló tún ń hú u jáde lẹ́yìn náà, tàbí kí òjò ńlá fọ ilẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Àwọn adósù Ṣàngó gbà pé òrìṣà wọn ló jù ú láti òkè. Bí àrá bá sán lu ilé, wọ́n á wá a nínú ilẹ̀, wọ́n á gbé e sínú ọpọ́n lórí odó Ṣàngó, wọ́n á sì fi epo ra á. Àwọn agbẹ́gilére pàápàá wò ó fínnífínní. Ẹdùn àrá méjì ló máa ń wà lórí oṣé, ọ̀pá Ṣàngó tí wọ́n ń fi igi gbẹ́, ọ̀kan kọjú sọ́tùn-ún, ọ̀kan kọjú sósì. Bí ẹnu òkúta ṣe fẹ̀, tí ó sì tẹ̀ kọrọdọ díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbẹ́ ẹnu ti igi.

Láti Ìkẹjà dé Agége, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé. Bí ẹ bá rí òkúta tí ẹnu rẹ̀ mú lọ́tùn-ún lósì bákan náà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n pò ó mọ́ kọnkéré. Ẹ ya àwòrán rẹ̀ níbi tó wà, ẹ kọ bó ṣe jìn nílẹ̀ tó, kí ẹ sì kàn sí àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, èyí tí òfin ọdún 1979 dá sílẹ̀. Ibi tí a ti hú u ṣe pàtàkì bí òkúta náà gan-an.