Irin Tó Ń Gbọ̀n

Bàbá mi àgbà, àgbẹ̀ ni wọ́n ní Ifọ́n Ọ̀ṣun. "Mi ò mọ ibi tí ẹsẹ̀ mi wà mọ́," bí wọ́n ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Àárọ̀ ló máa ń burú jù. Tí wọ́n bá bu omi sójú, tí wọ́n sì dijú, ó kù díẹ̀ kí wọ́n dojú bo bàsíà. Èmi rò pé ojú ni. Dókítà ọ̀dọ́ tó wò wọ́n ní Òṣogbo, tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ọpọlọ àti iṣan, kò rò bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ bàsíà yẹn ló dì mú.

Ó ní kí wọ́n dìde, kí wọ́n kó ẹsẹ̀ pọ̀, kí wọ́n dijú. Ó na ọwọ́ méjèèjì yí wọn ká láìfọwọ́ kàn wọ́n, bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní ìrìn. Bàbá mì síwájú, wọ́n mì sẹ́yìn. "Ẹ lajú, Bàbá." Wọ́n dúró ṣinṣin. Àṣé ojú ló ti ń bá ẹsẹ̀ ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ yìí! Ó wá di àtàǹpàkò ẹsẹ̀ wọn mú, ó ń gbé e sókè sódò, ó ní kí wọ́n sọ ibi tó kọjú sí. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló ti dì í mú, kò fọwọ́ tẹ orí rẹ̀, nítorí bó bá tẹ̀ ẹ́, ìtẹ̀ náà á ta wọ́n lólobó.

"Ọjọ́ mélòó ni ẹ̀gẹ́ ń lò nínú àpò lábẹ́ òkúta nílé yín, kí wọ́n tó yan gàrí?"

Ìbéèrè yẹn ní bàbá. Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, ọmọ Òkèmẹ̀sí, onímọ̀ ìṣègùn ọpọlọ ní Ìbàdàn, kọ̀wé ní 1968 nípa àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ń ta gẹ́gẹ́, tí ojú wọn ń ṣú, tí etí wọn sì ń di. Ẹ̀gẹ́ ni púpọ̀ nínú wọn ń jẹ. Ó ka ẹ̀bi sí oró tó wà nínú ẹ̀gẹ́ kíkorò, èyí tó yẹ kó bá omi àti iná lọ bí a kò bá kánjú sí i. Àwọn tó wá lẹ́yìn rẹ̀ ní ẹ̀gẹ́ nìkan kò tó àlàyé. Dókítà tiwa mọ èyí náà, ìdí nìyẹn tó fi tún bèèrè ọtí, tó sì ní kí wọ́n yẹ àtọ̀gbẹ wò.

Ọ̀ṣúntókun kò jókòó sí ilé ìwòsàn kó máa retí aláìsàn. Ní Igbó-Ọrà, ojúlé dé ojúlé ni òun àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ gbà, wọ́n yẹ nǹkan bíi 19,000 ènìyàn wò. Lẹ́yìn èyí, ní 1992, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí àrùn ìgbàgbé àwọn àgbà ní àdúgbò Ìdíkàn ní Ìbàdàn, pẹ̀lú àwọn ará Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ṣe ìbéèrè tí ẹni tí kò mọ̀wé lè dáhùn láìtijú. Iṣẹ́ ọwọ́ gidi nìyẹn lójú tèmi. Ó kú ní 1995, iṣẹ́ náà kò dúró.

Ọ̀nà yẹn ni dókítà wa fẹ́ tọ̀. Ọmọ Ìlobùú ni, ìlú Erinlẹ̀, òrìṣà ọdẹ tó tún jẹ́ oníṣègùn. Ìyá rẹ̀ ń yan gàrí títí di òní. Ó ní bí òun bá yege ìdánwò ìkẹyìn, òun á gba ojúlé Ìlobùú dé ojúlé Ifọ́n. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti ba àárín ìlú méjèèjì yìí jẹ́ gan-an. Síbẹ̀, ọmọ Ìlobùú ló kúnlẹ̀ níwájú mi yìí, tó gbé ẹsẹ̀ ará Ifọ́n lé itan ara rẹ̀. Ifọ́n ìlú Òrìṣà Olúfọ́n, níbi tí a kì í ti í fi arọ ṣe ẹlẹ́yà.

Bó ṣe ń bá mi sọ ọ́ ló ń wá irin kan nínú àpò, irin oníka méjì tó máa ń gbọ̀n nígbà 128 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó gbá a mọ́ orúnkún ara rẹ̀, ó fìdí rẹ̀ lé iwájú orí Bàbá. Wọ́n rẹ́rìn-ín: "Ó ń kùn bí oyin." Ó tún un gbá, ó gbé e lé egungun kókósẹ̀ wọn. Bàbá dijú, wọ́n ń retí.

"Ṣé ẹ ti gbé e síbẹ̀ ni?"

Irin náà ṣì ń gbọ̀n.