Lẹ́yìn Ilé Ọkọ: Orúkọ àti Ipò Obìnrin nínú Eré Tẹlifíṣọ̀n Girlfriends' Guide to Divorce, pẹ̀lú Àfiwé Èdè Petit Marché ní Niamey

Eré tí ọ̀rọ̀ ẹnu gbé ró pọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ ni èyí tí ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́ ìṣòro inú rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Girlfriends' Guide to Divorce, tí Marti Noxon ṣẹ̀dá fún ìkànnì Bravo ní Amẹ́ríkà. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 2, oṣù Kejìlá, ọdún 2014, ó sì parí ní ọdún 2018 lẹ́yìn ìpele márùn-ún. Los Angeles ni ibùdó ìtàn rẹ̀, láàárín àwọn olówó: adarí eré, agbẹjọ́rò, òṣèré, òǹkọ̀wé. Abby McCarthy, tí Lisa Edelstein ṣe, jẹ́ òǹkọ̀wé tí ó sọ ìmọ̀ràn lórí ilé àti ọmọ títọ́ di iṣẹ́ olówó gọbọi. Nígbà tí ìtàn bẹ̀rẹ̀, òun àti Jake ọkọ rẹ̀ ti pínyà ní ìkọ̀kọ̀. Ẹnu òun fúnra rẹ̀ ni àṣírí náà ti tú, níwájú àwọn òǹkàwé rẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹni tí ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn bí wọn yóò ṣe gbé ilé ọkọ ní láti wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi pe ipò tí òun alára wà. Kò rí i. Ibi tí kò ti rí i yìí ni ó yẹ kí lámèyítọ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ìwọ̀n tí ó dára láti fi wọn àìrí yìí ni ọjà tí èdè pọ̀ sí. Petit Marché wà ní àárín gbùngbùn ìlú Niamey, ọjà oúnjẹ ni ní pàtàkì. Zarma àti Hausa ni ó gba iwájú níbẹ̀. Fulfulde àti Tamasheq kò gbẹ́yìn. Faransé ni ti ìwé àti ti ìjọba. Àwọn oníṣòwò tí ó ti Nàìjíríà àti Benin wá sí Niamey sì mú Yorùbá dání. Kì í ṣe nǹkan tuntun fún irú àwùjọ bẹ́ẹ̀ láti jókòó ti ìṣòro àwọn olówó òkèèrè. Adeline Masquelier, nínú ìwé Love in Africa tí ó jáde ní ọdún 2009, kọ nípa bí àwọn ọ̀dọ́ ní Niger ṣe ń wo Rubí, eré Mexico ọdún 2004, tí wọ́n sì ń fà ẹ̀kọ́ ìfẹ́ àti ti òṣì yọ nínú rẹ̀. Ní Kano, iṣẹ́ Algaita ti fi hàn pé fíìmù India lè wọ aṣọ Hausa kí ó sì bá a mu. Ìbéèrè tí ó kù ni ti èyí tí ó le jù: eré tí ó dá lé ìkọ̀sílẹ̀, ẹnu ta ni yóò gbà á, orúkọ wo ni yóò sì fún Abby?

Hausa ní ìdáhùn sílẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ni èyí tí ó wà nínú ya sake ta, ‘ó tú u sílẹ̀’. Ọkùnrin ni olùwà, obìnrin ni àbọ̀, yíyí wọn padà kì í sì í bá ìlò mu. Ṣùgbọ́n èdè kan náà ní gbólóhùn mìíràn tí kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi: aurenta ya mutu, ‘ìgbéyàwó rẹ̀ kú’. Nígbà tí ó jẹ́ pé ìgbéyàwó ni ó kú, kò yani lẹ́nu pé bazawara ni obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú àti èyí tí ọkọ rẹ̀ kọ̀ jọ ń jẹ́. Láti ara orúkọ yìí ni zawarci ti jáde, tí ó ń tọ́ka sí ipò náà àti sí wíwá tí ọkùnrin ń wá irú obìnrin bẹ́ẹ̀ láti fẹ́. Orúkọ náà lè dun ẹni tí wọ́n pè é, síbẹ̀ ojú ọ̀nà ni ó kọ sí. Ẹni tí ó jẹ́ bazawara lónìí lè tún di ìyàwó lọ́la. Èdè ti retí rẹ̀. Fún obìnrin tí inú bí, tí ó gba ilé òbí rẹ̀ lọ láìjẹ́ pé wọ́n tú u sílẹ̀, orúkọ mìíràn wà, èyí ni yaji. (Bákan náà ni wọ́n ń kọ orúkọ ata tí wọ́n fi ń jẹ súyà, àwọn tí ń ta èkíní lọ́jà mọ èkejì dáadáa.)

Yorùbá yàtọ̀ gédégédé. Nínú rẹ̀, ọkọ lè kọ aya, aya náà lè kọ ọkọ. Ìhun gbólóhùn kò ṣe ojúsàájú. Ó kọ ọkọ kì í ṣe àṣìsọ. Ìtàn sì ti í lẹ́yìn: iṣẹ́ Judith Byfield lórí Abẹ́òkúta láàárín ọdún 1892 sí 1904 fi hàn pé ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀ àwọn obìnrin di ohun ńlá nígbà tí ìjọba òyìnbó ń fìdí múlẹ̀. Bí ó bá wá kan orúkọ ẹni tí ó kúrò, èdè tí ó fún obìnrin ní ipò olùwà a gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀. Dálémoṣú ni ó ń jẹ́, ilé ni ó sì hàn gbangba nínú ọ̀rọ̀ náà: ilé bàbá tí ó padà sí. Opó kò sí lára rẹ̀. Opó ní orúkọ tirẹ̀, àánú sì bá a rìn. Dálémoṣú kò ní àánú, kò sì ní ọ̀nà iwájú. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tí ó ti ara rẹ̀ jáde bí zawarci ti jáde láti ara bazawara. Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tó kù náà kì í kúrò nídìí ilé: ó kẹ́rù, ó kó jáde, ilé tú.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì tí Abby ń sọ ní orúkọ fún ìṣẹ̀lẹ̀ náà. Orúkọ ẹni tí ó ṣẹlẹ̀ sí ni kò rọrùn lẹ́nu rẹ̀. Èyí tí wọ́n yá lọ́wọ́ Faransé dà bí ẹ̀wù àlejò, àwọn ẹ̀dá ìtàn kì í fẹ́ wọ̀ ọ́. Dípò orúkọ, òfin ni wọ́n mú. Gbogbo abala eré náà ni ó ní òfin kan fún àkọlé, pẹ̀lú nọ́ńbà. Ti abala àkọ́kọ́ ni òfin kẹtàlélógún, pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe purọ́ fún àwọn ọmọ. Òfin kìíní kọ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà náà kò sì tò léra wọn láti abala kan dé èkejì. Ó rọrùn láti ka èyí sí ẹ̀fẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ náà ní egungun. Òfin California, láti ọdún 1970, kò béèrè pé kí tọkọtaya fi ẹ̀sùn kan ara wọn kí wọ́n tó lè pínyà. Ohun tí wọ́n jọ ní láàárín ìgbéyàwó, ìdajì-ìdajì ni. Ilé ẹjọ́ parí iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìṣirò. Bí ènìyàn yóò ṣe jí ní ọ̀la ọjọ́ náà, bí yóò ṣe kí ọkọ àná rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, iye ìgbà tí yóò fi dúró kí ó tó bá ẹlòmíràn jẹun, kò sí nínú ìwé kankan. Àwùjọ ọlọ́rọ̀ yìí kò ní ìdáhùn tí gbogbo wọn fọwọ́ sí. Àwọn ọ̀rẹ́ ló wá ń ṣe òfin fún ara wọn bí ọjọ́ ti ń bá wọn.

Ẹ fi èyí wé idda tí gbogbo Mùsùlùmí Petit Marché mọ̀: nǹkan oṣù mẹ́ta fún obìnrin tí wọ́n kọ̀, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá fún opó. Ènìyàn lè bá idda jà lórí ohun púpọ̀, àwọn obìnrin Niger sì ti bá òfin ìdílé jà gidi. Àbá Code de la famille tí wọ́n ti ń fà mọ́ra láti àwọn ọdún 1970 kò di òfin. Síbẹ̀ idda ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní òpin, gbogbo àdúgbò sì lè kà á. Nọ́ńbà Abby kò ṣeé kà. Nínú èyí ni eré náà ti lágbára jù lọ, bí àwọn tí ó ṣe é tilẹ̀ fẹ́ kí ó dà bí ẹ̀rín: ó fi àwọn tí ó lówó láti ra ohun gbogbo hàn gẹ́gẹ́ bí aláìní àṣà kan ṣoṣo tí wọ́n nílò.

Ọ̀rọ̀ ilé tún ń bẹ. Ní ìpele kìíní, Abby àti Jake ń pín ilé kan náà lò, èyí wọlé kí ìyẹn jáde, nítorí àwọn ọmọ wọn, Lilly àti Charlie. Ẹ wo bí gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá ṣe kọsẹ̀ níhìn-ín. Ta ni ó kẹ́rù? Ilé ta ni ó tú? Obìnrin ni owó ń wọlé fún jù, kò sì padà sí ilé bàbá kankan; ọkùnrin ni àpótí ń bá rìn. Bí dálémoṣú bá wà nínú ìtàn náà, Jake ni. Owó ni ó sọ ọ̀rọ̀ náà di òfìfo, kì í ṣe ìwà. Eré náà mọ èyí fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó gbàgbé. Bí ìpele ti ń gun orí ìpele, ilé di ibi àpéjẹ, òfin di ọjà tí Abby ń tà gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ta ìmọ̀ràn ìgbéyàwó tẹ́lẹ̀. Lyla, tí Janeane Garofalo ṣe, ni ahọ́n rẹ̀ mú jù nínú àwọn ọ̀rẹ́. Kò pẹ́ tí ó fi kúrò, àlàfo rẹ̀ kò sì dí. Lẹ́yìn rẹ̀, ìbànújẹ́ kì í pẹ́ kí ó tó rí aṣọ tuntun wọ̀.

Èyí tí ó sún mọ́ Niamey jù ní ìrìn àti ní ẹ̀sìn ni Maîtresse d'un homme marié, tí Kalista Sy kọ, tí Marodi sì gbé jáde ní Sẹ̀nẹ̀gà ní ọdún 2019. Wolof ni àwọn ọlọ́rọ̀ Dakar ń sọ nínú rẹ̀, Faransé sì ń yọjú láàárín gbólóhùn, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń yọjú ní ẹnu irú wọn nígboro. BBC pè é ní Sex and the City ti Sẹ̀nẹ̀gà. Àpèjúwe náà kò ṣe eré náà lóore. Ohun tí ó gbé ìtàn ró kì í ṣe ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́, ọ̀rọ̀ Wolof kan ni: muñ, ìfaradà tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ aya. Lalla ń fara dà á fún Cheikh, ọkọ tí ó ń yan Marème lálè. Djalika ń ṣiṣẹ́, ó sì ń fara da ọkọ ọ̀mùtí tí ń lù ú. Nígbà tí ẹgbẹ́ Jamra fi ẹjọ́ sùn, tí CNRA, àjọ tí ń ṣàkóso rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, sì kìlọ̀ fún 2STV lọ́dún náà, ohun tí a ń sọ àti ohun tí a ń fi hàn ni wọ́n tọ́ka sí. Ìlù tí Djalika ń jẹ kọ́ ni wọ́n pè ní ìbàjẹ́. Àwọn olùwòran tí ó gbèjà eré náà mọ̀ pé orí muñ gan-an ni ìjà wà. Ìwé òfin Abby kò ní ọ̀rọ̀ tí ó wúwo tó bẹ́ẹ̀ láti bá wọ̀yá ìjà, ìdí sì nìyí tí eré Dakar fi ń dun ènìyàn ní ibi tí ti Los Angeles ti kàn ń pa á lẹ́rìn-ín.

Fún ẹni tí yóò bá kọ Yorùbá sísàlẹ̀ àwòrán, ewu wà nínú gbogbo èyí. Bí ó bá pe Abby ní dálémoṣú, ó ti dá a lẹ́jọ́ kí ó tó sọ̀rọ̀, obìnrin tí ó ń wò ó lẹ́yìn àtẹ rẹ̀, tí ó ti kúrò nílé ọkọ tí ó sì ń bọ́ ọmọ, yóò gbọ́ orúkọ ara rẹ̀. Ìyá anìkàntọ́mọ tí àwọn ìwé ìròyìn ń lò sàn jù, ṣùgbọ́n ọmọ nìkan ni ó rí, kò rí obìnrin. Kò sì bá ilé tí Jake ṣì ń wọ̀ mu. Àkọlé eré náà ṣeé yí sí Lẹ́yìn Ilé Ọkọ, nítorí pé kò pe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ibi tí Yorùbá ti ju Gẹ̀ẹ́sì lọ ni ti ọkọ tí kì í ṣe ọkọ mọ́. Gẹ̀ẹ́sì ní sílébù kan ṣoṣo fún un, Abby àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ń jù ú bí òkò. Obìnrin Yorùbá kì í sábà pe orúkọ ọkọ rẹ̀ nígbà tí ilé dára. Nígbà tí ilé tú, kò ní ohun tuntun láti kọ́. Bàbá Lilly ni ó ń jẹ́ lánàá, Bàbá Lilly náà ni yóò máa jẹ́, pẹ̀lú ìbínú tàbí láìsí rẹ̀, bí ó bá wá kan ilẹ̀kùn ní ọjọ́ tí ó kàn án láti wọlé.