Àkùkọ Ẹ̀yìnkùlé àti Ọwọ́ Ẹni Tó Ń Sìn Ín

Nínú ọ̀sìn adìyẹ ìbílẹ̀ tó wọ́pọ̀ ní ẹ̀yìnkùlé káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀dọ̀ àkùkọ ni a ti ń mọ ọlọ́sìn tó mọṣẹ́, nítorí pé àgbébọ̀ lè yé, kí ó sàba, kí ó sì pamọ ní ọjọ́ 21 láìsí olùrànlọ́wọ́, ṣùgbọ́n ìwà àkùkọ ni yóò sọ bóyá agbo yóò rójú. Àkùkọ gidi a máa ṣa oúnjẹ, a máa jù ú sílẹ̀, a sì máa ké pe àwọn abo títí wọn yóò fi wá jẹ ẹ́. Bí òjìji àwòdì bá sì kọjá, òun ni yóò kọ́kọ́ figbe ta. Ẹni tó ń ra adìyẹ fún ọbẹ̀ nìkan kò lè mọ adùn èyí.

Láti ìgbà tí àkùkọ bá ti tó nǹkan bí ọmọ oṣù 4 sí 6, nígbà tí ogbè, ìyẹn ẹran pupa orí rẹ̀, bá ti ń pọ́n, ni ìjà máa ń bẹ̀rẹ̀. Thorleif Schjelderup-Ebbe, onímọ̀ ará Norway, kọ ọ́ sínú ìwé ní 1922 pé adìyẹ ní ipò ọ̀gá àti ọmọ-abẹ́ tí wọ́n ń fi àgógó ṣíṣá pín, ohun tí ẹnikẹ́ni tó bá da àgbàdo sílẹ̀ yóò rí. Irú ìjà bẹ́ẹ̀ kò nílò onílàjà, àfi bí ẹ̀jẹ̀ bá jáde, nítorí àwọn yòókù yóò máa ṣá ojú ọgbẹ́ náà. A ó dé ẹni tó fara pa mọ́ abẹ́ agọ̀.

Ti àkùkọ tó ń lé ènìyàn le jù, ọmọ aráyé ló sì sábà máa ń bà á jẹ́: àwọn ọmọdé a máa sọ ọ́ lókùúta, tàbí kí wọ́n ti fọwọ́ tọ́ ọ láti kékeré débi pé kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹni tó bá sá fún un ti jẹ́ kó mọ̀ pé òun borí, ẹni tó sì ta á nípàá ti gba ìjà; kí ó dúró gbọn-in títí àkùkọ yóò fi yíjú kúrò ló dára. Iye abo náà tún ṣe pàtàkì: bí wọn kò bá tó 8 sí 10 fún akọ kan, gígùn àgùnjù yóò bó ìyẹ́ ẹ̀yìn wọn. Àkùkọ tó bá ṣì ń fò mọ́ ojú ọmọdé lẹ́yìn gbogbo èyí, ìkòkò ló tọ́ sí, bó ti wù kí ìyẹ́ rẹ̀ dán tó, nítorí pé ìwà náà lè tẹ̀lé ìran. Àgbébọ̀ sì lè pa àtọ̀ rẹ̀ mọ́ra fún ọ̀sẹ̀ 2 tàbí 3 lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pa á, nítorí náà, ẹyin tó bá yé lẹ́yìn ìgbà náà ni kí wọ́n fún un sàba.