Ta Ló Ni Kẹ̀kẹ́? Alùpùpù nínú Ikú àti Fíìmù Àyìnlá

Ní ọdún 2001 ni Brendt Barbur dá àjọ̀dún fíìmù kan tí ó dá lórí kẹ̀kẹ́ gígùn sílẹ̀ ní New York, lẹ́yìn tí bọ́ọ̀sì ti kọlù ú lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ nígboro. Bicycle Film Festival ni orúkọ rẹ̀, ó sì ti dé ọ̀pọ̀ ìlú ńlá lágbàáyé. Ẹni tí irú àjọ̀dún bẹ́ẹ̀ ń gbé lárugẹ ni ẹni tí ó ní kẹ̀kẹ́ tirẹ̀: ó lè wọ bọ́ọ̀sì, ó lè wa mọ́tò, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ ni ó wù ú. Kò sí ohun tí ó burú nínú èyí. Àmọ́ bí onílámèyítọ́ bá fi ojú yìí nìkan wo fíìmù ilẹ̀ Ẹ̀gbá, yóò fo ohun tí ó ṣe kókó jù lọ ru.

Orúkọ tí Yorùbá fún àwọn ohun ìrìnnà wọ̀nyí tó ẹ̀rí. Ìrìn rẹ̀ tí ń yọ̀ geere ni kẹ̀kẹ́ ológeere fi jórúkọ. Ìró ẹ́ńjìnnì ni alùpùpù fi jẹ́ alùpùpù. Ojú àti etí ẹni tí ó rí i ló sọ ọ́ lórúkọ. Nígbà tí ó di ohun tí wọ́n fi ń gbé èrò gbowó, ìsọlórúkọ yí padà. Ọ̀kadà wá láti ara Okada Air, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú tí ó ti kógbá sílé. Márúwá jẹ́ orúkọ Buba Marwa, ológun tí ó ṣàkóso Ìpínlẹ̀ Èkó láti 1996 sí 1999. NAPEP sì jẹ́ orúkọ ètò ìjọba àpapọ̀ fún ìgbógunti òṣì. Ilé-iṣẹ́, aláṣẹ, ìjọba. Ẹni tí ń fi í sáré nínú oòrùn láti Kútọ̀ sí Ìtòkú kò sí nínú orúkọ náà. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò sì ní ohun tí wọ́n ń gùn: olówó ọ̀kadà wà níbì kan tí ń retí owó tirẹ̀. (Ìlú olókè bí Abẹ́òkúta kò tilẹ̀ rọ ẹni tí ń fẹsẹ̀ wa kẹ̀kẹ́ lọ́rùn, ẹ̀rọ ni ó bá ibẹ̀ mu.)

Ojú yìí ni ó yẹ kí a fi wo Ayinla, fíìmù tí Túndé Kèlání darí, tí ó jáde ní 2021, tí Lateef Adedimeji sì ṣe olú ẹ̀dá ìtàn inú rẹ̀. Ìtàn tí Ẹ̀gbá mọ̀ kò lọ́jú pọ̀. Ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún ọdún 1980, Àyìnlá Ọmọwúrà, ọ̀gá nínú orin àpàlà, kú nínú ìjà ilé ọtí ní Abẹ́òkúta. Máníjà rẹ̀ àtijọ́ ni ó pa á. Alùpùpù kan ni wọ́n ń jà lé lórí: ó wà lọ́wọ́ máníjà, Àyìnlá sì ń béèrè rẹ̀.

Kèlání, tí ó dàgbà sí Abẹ́òkúta, mọ ìlú náà dénú, fíìmù rẹ̀ sì gbé e yọ. Ṣùgbọ́n ìrìn-àjò Lọ́ńdọ̀n ni ó fi ṣe òpó ìtàn, òkìkí àti ìfẹ́ sì gba ìyókù. Ìpín tí ó kan alùpùpù kéré sí ohun tí ó tọ́ sí i. Bí òǹwòran bá fi ìlara túmọ̀ ìjà náà, kò ṣì í pátápátá. Ṣùgbọ́n ìlara kì í béèrè ìwé ẹ̀rí ohun ìní. Ẹni tí ó ti ń fi ẹ̀rọ kan jíṣẹ́ fún ọ̀gá rẹ̀, nígbà tí iṣẹ́ bá bàjẹ́, ta ni ẹ̀rọ náà jẹ́ tirẹ̀? Kò sí ìdáhùn tí ó lè dá ìpànìyàn láre. Síbẹ̀ ìbéèrè náà ni gbogbo ìlú ṣì ń bá gbé, fíìmù náà sì kọjá lára rẹ̀ kíá.

Alùpùpù kì í ṣe àjèjì sí iṣẹ́ Kèlání. Inú The Lion and the Jewel ti Wọlé Ṣóyínká ni ó ti yọ Sidi Ilujinle (2017). Nínú eré ìwé náà, orí alùpùpù ni ayàwòrán àjèjì bá padà wọ abúlé. Tẹ̀rín tẹ̀rù ni àwọn ọmọbìnrin fi ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Láti Ìlújinlẹ̀ dé ilé ọtí Abẹ́òkúta, ohun ìyanu ti di ohun ìní.

Fíìmù tí ó sún mọ́ ọ̀rọ̀ yìí jù kò ti Nàìjíríà wá. Nínú Ladri di biciclette tí Vittorio De Sica ṣe ní Ítálì ní 1948, ọkùnrin kan kò lè ríṣẹ́ lílẹ ìwé ìpolówó mọ́ ògiri àyàfi bí ó bá ní kẹ̀kẹ́. Wọ́n ti fi kẹ̀kẹ́ náà dúró gbèsè. Ìyàwó rẹ̀ fi aṣọ bẹ́ẹ̀dì ilé wọn dógò kí wọ́n lè rà á padà. Ọjọ́ kìn-ín-ní iṣẹ́ ni olè gbé e. Nígbẹ̀yìn òun náà jí kẹ̀kẹ́ ẹlòmíràn, ọmọ rẹ̀ sì rí i. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí ìwọ̀fà jẹ́ kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ fíìmù yìí fún un.

Láti 2013 títí kan 2017, Kútọ̀ ni Aké Arts and Book Festival ti ń wáyé, kí ó tó kó lọ sí Èkó ní 2018. Abẹ́òkúta kò ṣàìmọ bí wọ́n ti ń gbàlejò àjọ̀dún. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ dá ti fíìmù kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, kí ó fi ti De Sica àti ti Kèlání hàn ní alẹ́ kan náà, kí ó sì gba àwọn ọlọ́kadà wọlé lọ́fẹ̀ẹ́, ní wákàtí tí wọ́n bá ti san owó olówó tán.