Bẹ́líìtì Tí Kò Dẹ̀, Tí Kò sì Fún Jù

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́, bẹ́líìtì kan ṣoṣo ló ń yí ọ̀tánétọ̀ tó ń fún bátìrì níná. Rọ́bà ni, okùn líle sì wà nínú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kó tètè nà. Púlì mẹ́ta ló gbé e kọ́: ti kiránkì nísàlẹ̀, ti wọ́tà-pọ́ǹpù lókè, ti ọ̀tánétọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kiránkì ló ń fà á, àwọn méjì yòókù ń tẹ̀ lé e. Orí wọ́tà-pọ́ǹpù ni fáànù sábà máa ń wà, òun náà ń bá wọn yí. Bí bẹ́líìtì yìí bá já lójú ọ̀nà, iná kò ní wọ bátìrì mọ́, omi kò ní yí ká inú ẹ́ńjìnnì mọ́, ẹ́ńjìnnì yóò sì gbóná kọjá àlà láìpẹ́. Sípánà méjì àti ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ń dènà gbogbo èyí. Nínú gbogbo iṣẹ́ kéékèèké abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, kò sí èyí tó yẹ ká bọ̀wọ̀ fún tó o.

Ìrísí bẹ́líìtì náà ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ mọ̀. Bí a bá gé e wò, orí rẹ̀ fẹ̀, ìdí rẹ̀ tín-ín-rín, bẹ́ẹ̀ náà sì ni kòtò púlì tó ń sáré nínú rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló fi ń di púlì mú. Ìdí rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kan ìsàlẹ̀ kòtò rárá. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó fa bẹ́líìtì, inú púlì ló yẹ kó kọ́kọ́ wò. Bí ìsàlẹ̀ kòtò bá ń dán, bẹ́líìtì ti jẹ débi pé ìdí rẹ̀ ló ń jókòó lé. Kò sí bí wọ́n ṣe lè fà á tí yóò tún di púlì mú dáadáa. Èyí tó ti la tàbí tó ti ń yọ fọ́nrán, pípààrọ̀ ló kù fún un.

Bẹ́líìtì tó dẹ̀ kì í fi ara rẹ̀ pamọ́. Á máa han nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣíná ọkọ̀ láàárọ̀, torí pé ọ̀tánétọ̀ ń sáré dá iná tí ìṣíná gbà lára bátìrì padà. Á tún han lálẹ́ bí awakọ̀ bá tan iná iwájú. Bí iná tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ọ̀tánétọ̀ bá ṣe ń pọ̀ sí i ni yíyí rẹ̀ ń le sí i, bẹ́líìtì á wá máa yọ̀ lórí púlì dípò kó fà á. Bó ṣe ń yọ̀ ló ń gbóná, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń dán, tó sì túbọ̀ ń yọ̀. Ọ̀pọ̀ bátìrì ni wọ́n ti dá lẹ́bi tí wọ́n sì pààrọ̀, nígbà tó jẹ́ pé bẹ́líìtì ló dẹ̀.

Èyí tó fún jù ló burú jù, nítorí kì í tètè pariwo. Ó ń fa ọ̀pá wọ́tà-pọ́ǹpù àti ti ọ̀tánétọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan láìdáwọ́ dúró, bíárì tó gbé ọ̀pá náà ró á sì máa jẹ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ariwo yóò bá fi jáde, bíárì ti bàjẹ́, tàbí kí omi ti máa jò lára pọ́ǹpù. Onílù a máa fún ọsán gángan kí ohùn rẹ̀ lè ròkè. Àwọn kan ń fa bẹ́líìtì lọ́nà kan náà, títí yóò fi máa dún lábẹ́ ìka, wọ́n sì gbà pé iṣẹ́ gidi làwọ́n ṣe. Oníọkọ̀ ni yóò ra bíárì.

Ìwọ̀n tó tọ́ wà láàárín méjèèjì. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ wà ní pípa, kó ti tutù, kí wọ́n sì ti yọ kọ́kọ́rọ́. Ibi tí bẹ́líìtì ti gùn jù láàárín púlì méjì ni àtàǹpàkò ń tẹ̀, ní àárín gbùngbùn, pẹ̀lú agbára. Nínú ọ̀pọ̀ irú ọkọ̀ yìí, ó yẹ kó wọlé ní nǹkan bíi mìlímítà 10 sí 13. Ìwé tó bá ọkọ̀ wá ló ni àṣẹ ìkẹyìn. Ọwọ́ tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ kì í wá rúlà mọ́, ṣùgbọ́n kí ọmọ iṣẹ́ má ṣe tijú rúlà, torí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọwọ́ ti ń kọ́ ìwọ̀n.

Nọ́ọ̀tì méjì ló di ọ̀tánétọ̀ mú. Ọ̀kan wà nísàlẹ̀, òun ni ọ̀tánétọ̀ fi ń mì síwá sẹ́yìn. Èkejì wà lórí irin gígùn kan tí wọ́n lu ihò tóóró sí. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Japan, sípánà 12 àti 14 ti tó. Méjèèjì ni kí wọ́n tú díẹ̀. Ẹni tó bá tú ti òkè nìkan, tó wá ń fipá fà á, lè ṣẹ́ etí tí nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ gbà kọjá. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tú méjèèjì ni wọn yóò fi igi líle tàbí ọ̀pá irin gbún ọ̀tánétọ̀ kúrò lára ẹ́ńjìnnì. Ibi tí ọ̀pá náà ti kàn án ṣe pàtàkì púpọ̀: iwájú, nítòsí púlì, níbi tí ara rẹ̀ ti nípọn. Ẹ̀yìn rẹ̀ kò ṣeé gbún, alumíníọ́ọ̀mù fẹ́lẹ́ ni, àwọn dáódù tó ń sọ iná di irú èyí tí bátìrì lè gbà sì wà nínú ibẹ̀. Ọwọ́ kan di ọ̀pá mú, ọwọ́ kejì ń fún nọ́ọ̀tì òkè, lẹ́yìn náà ti ìsàlẹ̀. Fífún nọ́ọ̀tì náà máa ń sún ọ̀tánétọ̀ díẹ̀, nítorí náà ẹ̀ẹ̀kan sí i ni àtàǹpàkò ń padà sórí bẹ́líìtì. Ibí yìí gan-an ni iṣẹ́ náà ti dùn: ìgbà tí ọ̀gá bá tẹ̀ ẹ́, tí kò sọ̀rọ̀, tó kàn gbé sípánà sílẹ̀. Bó bá jẹ́ bẹ́líìtì tuntun ni, yóò nà; kí wọ́n jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15, kí wọ́n pa á, kó tutù, kí wọ́n tún bẹ́líìtì wọ̀n, kí wọ́n sì tún wò ó lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan.

Volkswagen Ìjàpá, tí ilé iṣẹ́ tó wà ní Ọ̀jọ́ l'Ékòó bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní 1975, ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, kò lo omi, atẹ́gùn ló ń mú un tutù, fáànù tó ń fẹ́ atẹ́gùn náà sì wà lórí ọ̀pá dáìnámò, tó ń ṣe iṣẹ́ ọ̀tánétọ̀. Bí iná pupa bátìrì bá tàn lójú ìrìn, bẹ́líìtì lè ti já, kí awakọ̀ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà lójú ẹsẹ̀. Dáìnámò yìí kì í sún. Púlì rẹ̀ ló pín sí méjì, wáṣà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sì wà láàárín. Wọn yóò ki sikirudíráfà bọ ihò ẹ̀gbẹ́ púlì kó má bàa yí, wọn yóò fi sípánà 21 tú nọ́ọ̀tì, wọn yóò sì yọ wáṣà kan. Ìdajì méjèèjì á súnmọ́ra, bẹ́líìtì á gun òkè nínú kòtò, á sì fún. Kò sí ohun tí wọ́n gbún, kò sí ohun tó lè ṣẹ́. Ẹni tó ronú rẹ̀ mọ iṣẹ́ jinlẹ̀. Wáṣà tí wọ́n yọ kò gbọ́dọ̀ sọnù, abẹ́ nọ́ọ̀tì lóde ni wọ́n ń tò ó sí. Bí wọ́n bá ti ń fún nọ́ọ̀tì ni kí wọ́n máa yí ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́, kí púlì má bàa gé bẹ́líìtì jẹ. Ìwọ̀n tirẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 15. Bí wáṣà bá tán láàárín, tí bẹ́líìtì ṣì dẹ̀, tuntun ni wọ́n ń rà, wọn yóò sì dá wáṣà padà sáàárín kí wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n.