Àwo Kan, Ẹ̀rọ Méjì

Ní ìparí ọdún 2004, ilé-iṣẹ́ JVC ní Japan kéde pé àwọn ti ṣe àwo fídíò kan tó jẹ́ pé ojú kan ṣoṣo ni wọ́n kọ nǹkan sí. Bí a bá fi sínú ẹ̀rọ Blu-ray, àwòrán tó mọ́ gaara ló ń gbé jáde. Bí a bá fi sínú ẹ̀rọ DVD tó ti pẹ́ nílé, fíìmù náà á bẹ̀rẹ̀ láìjanpata. Iṣẹ́ náà wú mi lórí gan-an.

Lésà ló ń ka àwo. Ti DVD pupa ni, ìgbì ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nánómítà 650. Ti Blu-ray ní àwọ̀ aró tó ń fà sí èsè àlùkò, nánómítà 405 péré. Ìgbì kúkúrú yìí ló jẹ́ kó lè ka kòtò wínníwínní tí wọ́n tò súnmọ́ra débi pé gígábáìtì 25 ń gba ìpele kan, níbi tí DVD ti ń gba 4.7.

Ìpele Blu-ray kò jìn ju mìlímítà 0.1 lọ sí ojú àwo. Ti DVD wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ní 0.6. Lésà pupa ní láti la ti Blu-ray kọjá kó tó dé ibi tirẹ̀. JVC wá fi awọ tín-ín-rín kan bo ìpele òkè, awọ tó ń dá ìmọ́lẹ̀ aró padà, tó sì ń jẹ́ kí pupa kọjá, bí oníbodè tó mọ ẹni tí yóò dá dúró àti ẹni tí yóò yọ̀ǹda fún. Ẹ̀rọ àtijọ́ kò ní mọ̀ láé pé ohun tuntun wà lókè ohun tí òun ń kà. Gbogbo wàhálà náà, inú àwo ni wọ́n kó o sí; wọn ò kó o lé oníbàárà lórí. Mo kan sáárá sí wọn.

Ọdún 2009 ni irú àwo yìí dé ọjà ní Japan, nígbà tí ilé-iṣẹ́ Pony Canyon fi gbé eré tẹlifíṣọ̀n Code Blue jáde. Ó dùn mí pé ìwúlò rẹ̀ kò lè pé lọ́dọ̀ wa ní Kánádà. Agbègbè tí wọ́n pín ayé sí ni ẹ̀rọ fi ń mọ àwo tí yóò kà. Fún Blu-ray, agbègbè A kan náà ni wá pẹ̀lú Japan, àmọ́ fún DVD, Japan wà ní 2, àwa wà ní 1.

Ní 2010, ilé-iṣẹ́ fíìmù Universal gba ọ̀nà tó rọrùn jù: fíìmù Bourne mẹ́ta àkọ́kọ́, Blu-ray lójú kan, DVD lójú kejì. Kò sáyè fún àwòrán lórí rẹ̀. Ẹ ní láti gbé e súnmọ́ ojú kí ẹ tó rí lẹ́tà tíntìntín tó yí ihò àárín ká. Mi ò pe ìyẹn ní iṣẹ́ àrà, ṣùgbọ́n ó bá ilé àwa Yorùbá ní Oakville mu: Blu-ray ní pálọ̀, DVD ní yàrá ìyá àgbà tó wá bá wa gbé ọmọ, DVD mìíràn nínú ọkọ̀ fún àwọn ọmọ lójú títì Queen Elizabeth Way.

Nígbà tí ètò àwo tuntun 4K Ultra HD dé ní 2016, ẹ̀rọ Blu-ray àtijọ́ kò lè ka àwo rẹ̀. Lésà aró nánómítà 405 yẹn náà ló sì ń lò, nítorí náà awọ tó ń fi àwọ̀ yan ìmọ́lẹ̀ kò lè ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Bí ẹ bá ṣí páálí 4K tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù, púpọ̀ nínú wọn ni ẹ ó ti bá àwo méjì: ọ̀kan fún 4K, ọ̀kan fún Blu-ray.